Iná Fọ́ọ̀wíìlì Pajero Mi Ń Ṣẹ́jú: Ṣé Tiránsífà Ni Kí N Pààrọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Pajero 1997 ni mò ń lò, V6 3000, onípẹtiróòlù, gíà ọwọ́. Baálé mi ló ń wà á tẹ́lẹ̀ kó tó fi sílẹ̀ fún mi. Oko mi wà lẹ́yìn Alábàtà, bí òjò bá sì ti rọ̀ sórí ilẹ̀ pupa yẹn, ọkọ̀ tí kò ní fọ́ọ̀wíìlì kò lè dé ibẹ̀. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, bí mo bá fa ọ̀pá kékeré sí 4H, iná táyà iwájú méjèèjì tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ṣẹ́jú. Nínú ọgbà ilé, bí mo bá ní sùúrù, ó máa ń dúró nígbà míì. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú ẹrẹ̀, tí mo nílò rẹ̀ gan-an, ṣe ló máa ń ṣẹ́jú ṣáá. Mẹkáníìkì kan ní kí n lọ ra tiránsífà tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀. Èkejì ní kí n jẹ́ kí òun yọ propẹ́là iwájú, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ síwájú, kí n gbàgbé fọ́ọ̀wíìlì. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Ọbáńtokò, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oko o, ẹ sì kú ìnáwó ọkọ̀. Nínú ìmọ̀ràn méjèèjì, ẹ má tíì gba ìkankan. Ohun tí ẹ kọ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ibi tí àìsàn wà tán: ó ń dúró nínú ọgbà, kì í dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tiránsífà, àpótí gíà tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn, tó bá bàjẹ́, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọgbà ilé àti ọ̀nà oko. Fákúùmù, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́, ló mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa kọ́kọ́ fura sí àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fáàfù kékeré kan tó wà lójú ọ̀nà wọn. Owó wọn kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tiránsífà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọkọ̀ yín ṣe ń ṣe é, torí ọ̀pọ̀ àwa mẹkáníìkì, ara Hilux la ti kọ́ fọ́ọ̀wíìlì, a sì máa ń rò pé bákan náà ni gbogbo wọn rí. Pajero tó jáde láti 1991 títí dé 1999, tí ọ̀pá kékeré rẹ̀ ní 2H, 4H, 4HLc àti 4LLc, Super Select ni Mitsubishi ń pe ètò tó wà nínú rẹ̀. Ní 2H, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀. Ní 4H, agbára ń lọ síwájú àti sẹ́yìn, ṣùgbọ́n dífírẹ́ṣà kan wà láàárín, nínú tiránsífà, tó ń jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn lè yí ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra. Nítorí rẹ̀ lẹ fi lè lo 4H lórí ọ̀dà láìséwu. Ní 4HLc, dífírẹ́ṣà àárín yẹn ti tì pa. 4LLc náà tì pa, ó sì tún fi gíà kékeré kún un, tí ọkọ̀ á máa rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára púpọ̀.

Nígbà tí ẹ bá fa ọ̀pá, irin ló ń fa irin nínú tiránsífà. Ìyẹn kò lọ́wọ́ fákúùmù nínú. Ṣùgbọ́n apá kejì wà tí ọ̀pá yín kò dé rárá. Níwájú, ọ̀kan nínú ṣáàfù méjì tó ń lọ sí táyà, wọ́n gé e sí méjì, wọ́n sì fi òrùka irin eléyín kan sáàárín rẹ̀. Tí ẹ bá wà ní 2H, òrùka náà á fà sẹ́yìn, propẹ́là iwájú á sì sinmi, kò ní máa jẹ pẹtiróòlù lásán. Tí ẹ bá bọ́ sí 4H, kọ̀ǹpútà kékeré kan á pàṣẹ fún sólénọ́ìdì méjì (fáàfù kékeré tí iná mànàmáná ń ṣí), wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún fákúùmù ẹ́ńjìnnì, fákúùmù á lọ fa awọ rọ́bà inú agolo pẹlẹbẹ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dífírẹ́ṣà iwájú, awọ á fa ọ̀pá, ọ̀pá á ti òrùka wọlé. Tí òrùka bá ti wọlé tán, súwíìṣì kan níbẹ̀ á sọ fún kọ̀ǹpútà, iná á sì dúró gbọin. Iná tó ń ṣẹ́jú ń sọ pé: mo ti pàṣẹ, mi ò tíì gbọ́ èsì. Bóyá òrùka kò tíì wọlé, bóyá ó ti wọlé tí súwíìṣì kò jíṣẹ́. Kò ju méjì yìí lọ, kò sì sí tiránsífà nínú méjèèjì. Tó bá jẹ́ iná àwọ̀ ọsàn tó wà láàárín ló ń ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti dífírẹ́ṣà àárín nìyẹn, a sì lè wá sọ ti tiránsífà. Ẹ̀yin kò dárúkọ ọlọ́sàn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù tí ara rẹ̀ yá, tó bá wà ní sílò (tó ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹsẹ̀ lórí tọ́tù), fákúùmù rẹ̀ máa ń wà láàárín ínṣì 17 sí 22 lórí géèjì. Ẹ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, á já wálẹ̀ dé ìtòsí òdo. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé ibi tí èèyàn ti nílò fọ́ọ̀wíìlì jù ni ibi tó ti ń tẹ tọ́tù jù. Nítorí náà wọ́n fi táńkì kékeré kan tọ́jú fákúùmù pa mọ́, wọ́n sì fi fáàfù kan ṣe aṣọ́nà rẹ̀, tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa afẹ́fẹ́ jáde nínú táńkì ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà wọlé. Tí fáàfù yẹn bá ti kú, tàbí tí táńkì tàbí rọ́bà rẹ̀ ti sán, kò sí ìpamọ́ mọ́. Nínú ọgbà, ẹ́ńjìnnì wà ní sílò, fákúùmù pọ̀, díẹ̀díẹ̀ á fa òrùka wọlé. Nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ yín wà lórí tọ́tù, kò sí nǹkan tó máa fa òrùka. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nìyẹn. (Àwọn tó ń lo Pajero onídísù: ẹ́ńjìnnì tiyín kò ní fákúùmù tirẹ̀. Pọ́ǹpù kan ló ń fà á fún un. Lórí 4D56, ẹ̀yìn ọ́táníétọ̀ ló wà. Tí bíríìkì yín bá ti le lẹ́sẹ̀ ní àkókò kan náà tí fọ́ọ̀wíìlì yọnu, pọ́ǹpù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.)

Ẹ lè dán èyí wò fúnra yín láìmú sípánà. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi ọkọ̀ sí 2H, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ní sílò fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá pa á. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ padà síbi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ má ṣe tanná sí ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú kó tẹ́tí, kí ẹ̀yin wá fa ọ̀pá sí 4H. Tí táńkì bá pa fákúùmù mọ́, ẹni yẹn á gbọ́ kí agolo mí, fùú, ó sì lè gbọ́ kí irin dún pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá dákẹ́ ṣùgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní sílò, ìpamọ́ ti jò nìyẹn. Ẹ wá fáàfù ọlọ́nà-kan yẹn lórí rọ́bà tó ti máńfóòlù (ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé) wá: ẹ yọ ọ́, ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ láti apá méjèèjì. Apá kan gbọ́dọ̀ gbà, èkejì gbọ́dọ̀ kọ̀. Tí méjèèjì bá gbà, ó ti kú. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ ṣọ́ apá tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi sódì, tí oníṣẹ́ sì ń wá àìsàn kiri nínú wáyà.

Rọ́bà ló kù. Ooru Abẹ́òkúta yìí, pẹ̀lú ooru ẹ́ńjìnnì V6, kì í ṣàánú rọ́bà tó ti lé ní ogún ọdún. Ẹ má kàn wò ó lókè kí ẹ ní ó dáa. Orí ni ó ti máa ń sán, níbi tó ti wọ ẹnu irin, apá ìsàlẹ̀ tí ojú kò rí. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́: rọ́bà tó ṣì dáa á rọ̀, á sì padà sípò, èyí tó ti kú á le, á dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ ó rí ìlà kéékèèké tó ṣí. Tí rọ́bà bá gùn tó, ẹ lè gé orí tó sán yẹn kúrò kí ẹ tún un tì bọ̀ ọ́ láti fi dán an wò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti rí ọ̀kan tó sán, gbogbo wọn ni kí ẹ pààrọ̀: láti máńfóòlù dé táńkì, dé sólénọ́ìdì, dé agolo nísàlẹ̀. Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Ẹ pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí tí ẹ bá ti gbé rọ́bà méjì tó ń lọ sí agolo sọ́nà ara wọn, òrùka á máa wọlé nígbà tí ẹ bá wà ní 2H, á sì máa jáde nígbà tí ẹ bá bọ́ sí 4H.

Kí ẹ sì kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é: kò gbọdọ̀ fi rọ́bà dríìpù ọsibítù ṣe é. Mo mọ̀ pé òun ló wọ́pọ̀ jù, ó mọ́, ó sì rọrùn láti rí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, rọ́bà dríìpù á rọ̀, fákúùmù á sì fà á lẹ̀ mọ́ra, ọ̀nà á dí. Ní òwúrọ̀ fọ́ọ̀wíìlì á ṣiṣẹ́, ní ọ̀sán á kọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ìdí. Rọ́bà fákúùmù gidi, tó nípọn lára, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta pààtì.

Lẹ́yìn rọ́bà, agolo fúnra rẹ̀. Níhìn-ín sírínjì ńlá kan láti ilé oògùn wúlò ju kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi yẹ ọkọ̀ wò lọ. Kí wọ́n fi jáàkì gbé iwájú sókè, táyà iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí wọ́n fi ìdúró irin sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi òkúta tàbí igi há táyà ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ lórí jáàkì nìkan. Ẹ fi ọ̀pá kékeré sí 4HLc, gíà sí oókan, kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Kí wọ́n yọ rọ́bà méjèèjì lẹ́nu agolo, kí wọ́n ki rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu sírínjì bọ ẹnu kan, kí wọ́n fà á. Bí wọ́n bá ṣe ń fà á, kí ẹlòmíràn máa fi ọwọ́ yí táyà iwájú kan síwá sẹ́yìn díẹ̀, kí eyín òrùka lè bá ara wọn mu. Ẹ ó gbọ́ ọ, kó! Tí ẹ bá yí táyà kan báyìí, tí táyà kejì ń yí sódì, òrùka ti wọlé. Ẹ fa ẹnu kejì, táyà kejì á dúró, tàbí kó kàn máa mì díẹ̀ lásán. Agolo yè, òrùka yè, fọ́ọ̀kì tó ń ti òrùka yè, nínú ìdánwò kan ṣoṣo.

Tí sírínjì kò bá dúró, tó ń padà fúnra rẹ̀ láìní kí ọ̀pá kankan rìn, awọ inú agolo ti lu. Tí sírínjì bá dúró le dáadáa ṣùgbọ́n tí ọ̀pá kò rìn, irin ló ti dìpẹtà. Èyí wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tí wọ́n kò fi sí fọ́ọ̀wíìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn títí di òjò àkọ́rọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ yín fi lè yọnu ní kété tí òjò bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fi òróró tó ń tú ìpẹtà sí i, kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ rìn ín síwá sẹ́yìn. Òòlù kò níṣẹ́ níbẹ̀.

Sólénọ́ìdì rọrùn. Ẹ tẹ̀lé rọ́bà láti ibi agolo padà sókè, ẹ ó bá méjì pa pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fa ọ̀pá, ọwọ́ tó bá dì wọ́n mú á gbọ́ tẹ́kí. Tí kò bá dún, kí réwáyà fi tẹ́sítà wo ẹnu wáyà: tí 12 fólítì bá wà níbẹ̀ tí sólénọ́ìdì kò sì dún, òun ló kú. Tí kò bá sí fólítì, ẹ padà sẹ́yìn, fíùsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà wáyà. Ọkọ̀ tó bá ń sùn lóko, eku á ti fi wáyà rẹ̀ ṣe oúnjẹ alẹ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo àyíká ibi tí wọ́n ti lè sá sí kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kọ̀ǹpútà ti jóná. Kọ̀ǹpútà fọ́ọ̀wíìlì kì í tètè jóná. Wọ́n kàn máa ń dá a lẹ́bi nítorí pé kò sí ẹni tó lè rí inú rẹ̀.

Tí ìdánwò sírínjì bá ní òrùka ń wọlé, tí fákúùmù pé, tí iná sì ń ṣẹ́jú síbẹ̀, súwíìṣì tó wà lára dífírẹ́ṣà iwájú ni kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀. Kí wọ́n fi mítà wò ó nígbà tí òrùka wà nínú àti nígbà tó jáde. Ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ẹrẹ̀ ló máa ń pa á, bọ́ọ̀lù kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ á lẹ̀, ẹnu wáyà rẹ̀ á sì yọ ìpẹtà àwọ̀ ewé. Òmíràn, bí wọ́n bá ti tẹ bọ́ọ̀lù yẹn léraléra, tí wọ́n sì fọ ẹnu rẹ̀, á jí. Irú súwíìṣì yìí náà wà lára tiránsífà, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí ọ̀pá wà. Tí ìyẹn bá kú, ohun tí ẹ ó rí yàtọ̀: ẹ wà ní 4H, dáṣíbọ́ọ̀dù á ní 2H lẹ wà, tàbí kí iná máa hùwà wèrè. Tiyín kò jọ ọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ propẹ́là. Ẹni tó ní kí ẹ yọ propẹ́là iwájú, bóyá ara ọkọ̀ míì ló ti ṣe é tó sì já sí i. Lórí ọkọ̀ yín, tí propẹ́là iwájú kò bá sí, tí ẹnì kan sì ṣèèṣì fi ọ̀pá sí 4H, dífírẹ́ṣà àárín á máa da agbára síbi tí kò sí nǹkan, ọkọ̀ á máa pariwo lójú kan. Bákan náà ló rí tí propẹ́là wà ṣùgbọ́n tí òrùka kò wọlé, ìyẹn ibi tí ẹ wà báyìí. Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ yín máa rìn ní 4H tó ń ṣẹ́jú ni viscous coupling tó wà nínú tiránsífà, tó ń di iwájú àti ẹ̀yìn mú díẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti gbé ọkọ̀ gun òkè. Á gbóná, á sì bàjẹ́, nígbà náà ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tiránsífà á wá jàre lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe é fún un. Títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ má fi 4H tó ń ṣẹ́jú rìn. Tí ọ̀nà oko bá le, ẹ lo 4LLc, jẹ́jẹ́: ẹ̀yìn nìkan ló máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àárín ti tì pa, kò ní jẹ viscous coupling, gíà kékeré á sì ràn yín lọ́wọ́. Ẹ dúró pátá, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tó fa ọ̀pá síbẹ̀. (Mo mọ ẹnì kan tó yọ gílóòbù iná tó ń ṣẹ́jú kúrò. Ó ní ọkàn òun balẹ̀.)

Kí n má fi tiránsífà ṣe ẹni mímọ́ náà. Ó ń bàjẹ́. Ṣéènì ló ń gbé agbára lọ síwájú nínú rẹ̀, tó bá sì ti nà, ẹ ó gbọ́ gbà-gbà lábẹ́ ìjókòó nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù ní 4HLc tí òrùka sì wọlé. Tí viscous coupling bá ti dì pa, ẹ wà ní 4H lórí ọ̀dà, ẹ ṣẹ́ kọ́nà kékeré, bíi ká yí ọkọ̀ padà nínú ọgbà ilé epo, ọkọ̀ á máa fà gẹ́gẹ́ bí ẹni pé háńbíríìkì wà lókè. Tí ẹ kò bá gbọ́ ìkankan nínú èyí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u.

Ẹ wo táyà yín pẹ̀lú. Pajero yẹn ń lo 235/75R15 tàbí 265/70R15, ó dá lórí irú èyí tí ẹ ní. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí jíjẹ wọn sì súnmọ́ra. Àṣà ká ra méjì tuntun síwájú, ká fi ògbólógbòó méjì tó yàtọ̀ sẹ́yìn, kò bá fọ́ọ̀wíìlì rẹ́, torí iwájú àti ẹ̀yìn á máa bá ara wọn jà láìdúró. Ìjà yìí náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá gbàgbé 4HLc tí ẹ ti oko bọ́ sórí ọ̀dà Alábàtà tí ẹ ń bọ̀ ní Camp. Ìdarí á le, tí ẹ bá sì fẹ́ padà sí 2H, ọ̀pá á kọ̀. Ẹ má fi agbára fà á. Ẹ wa ọkọ̀ padà sẹ́yìn gbọọrọ fún mítà díẹ̀, irin tó lọ́ pọ̀ á tú, ọ̀pá á sì wá fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá wà lábẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n yẹ ọ́ìlì dífírẹ́ṣà iwájú wò. Nọ́ọ̀tù tí wọ́n ń gbà bu ọ́ìlì sí i ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú, kí wọ́n tó tú ti ìsàlẹ̀, kó má di pé wọ́n dà á sílẹ̀ tán kí wọ́n tó rí i pé nọ́ọ̀tù òkè ti dì. Tí ọ́ìlì bá funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọlé. Dífírẹ́ṣà tó gbóná, tó bọ́ sódò lójijì, ń fa omi mu láti ẹnu ibi tó ń gbà mí tí ìyẹn bá ti dí tàbí tí rọ́bà rẹ̀ ti já, kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó bu tuntun sí i. GL-5 80W-90 ni ti dífírẹ́ṣà iwájú àti ẹ̀yìn. Gíábọ́ọ̀sì ọwọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, GL-4 ni tirẹ̀, torí kẹ́míkà inú GL-5 kì í bá bàbà inú gíà ọwọ́ ṣe ọ̀rẹ́. Tí wọ́n bá gbé gálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo wá fún gbogbo rẹ̀, ẹ béèrè ìbéèrè.

Bó bá wá di dandan pé ẹ fẹ́ ra pààtì tòkunbọ̀, ìbáà jẹ́ Ládípọ̀ tàbí Gate ní Ìbàdàn, ẹ kọ ohun tó wà lára àwo irin kékeré inú bọ́nẹ́ẹ̀tì sínú ìwé, kí ẹ mú un dání. Orúkọ gíábọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin sì tẹ̀lé e, irú bíi 4636, tó túmọ̀ sí pé 4.636 ni ìwọ̀n dífírẹ́ṣà ọkọ̀ náà. Dífírẹ́ṣà iwájú tó bá ti ní nọ́ńbà míì, kódà kó wọlé wẹ́rẹ́ kó sì mọ́ lójú, ẹ dá a padà. Iwájú àti ẹ̀yìn kò ní máa yí bákan náà mọ́, ní ọjọ́ tí ẹ bá sì kọ́kọ́ fi sí 4HLc lórí ilẹ̀ líle lẹ ó gbọ́ ohun tí ẹ rà.

Nípa oníṣẹ́: ẹ wá ẹni tó gbà kí ẹ dúró tì í. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí obìnrin pẹ̀lú jíìpù, iṣẹ́ rọ́bà á di iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ sọ fún un pé fákúùmù lẹ fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ sì mú sírínjì yín dání láti ilé. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí sírínjì, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Tí iná bá ti dúró gbọin, ẹ má tún pa fọ́ọ̀wíìlì tì títí di òjò tó ń bọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àní láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi sí 4H kí ẹ wà á díẹ̀ lórí ọ̀dà, kí ọ̀pá inú agolo máa rìn, kí ọ́ìlì sì dé ara irin. Ìwé ọkọ̀ náà gbà kí ẹ bọ́ láti 2H sí 4H lórí ìrìn títí dé 100 km/h, ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ tó ti pẹ́ báyìí, 40 tó fún mi, kí ẹsẹ̀ sì kúrò lórí tọ́tù. Tó bá jẹ́ pé agolo ni sírínjì fi hàn pé ó lu, ẹ má tíì ra odindi dífírẹ́ṣà tí wọ́n máa ní kí ẹ rà pẹ̀lú rẹ̀. Agolo nìkan ṣeé tú, wọ́n sì ń tà á lọ́tọ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ èwo nínú ẹnu rẹ̀ méjèèjì ni kò di fákúùmù mú, kí n lè sọ fún yín bí ọkọ̀ ṣe máa rìn títí tuntun fi máa dé.